Kí Ọkọ̀ Àlìkámà Tó Kúrò Lóko

Ní North Dakota àti Montana, níbi tí àlìkámà pupa líle tí wọ́n ń gbìn nígbà ìrúwé ti gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ méjì lè gbé ọkà dé orí òṣùwọ̀n kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí iye búṣẹ́ẹ̀lì wọn dọ́gba, síbẹ̀ kí owó ọ̀kan fi púpọ̀ ju ti èkejì lọ. Ọ̀dọ́ àgbẹ̀ tó bá kọ́kọ́ rí irú èyí máa ń rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. Ohun tó wà nínú hóró ọkà ló yàtọ̀, òun ni kò sì mọ̀ ọ́n kó tó gbé e wá.

Ohun àkọ́kọ́ tí àgbà iṣẹ́ yìí máa ń fi yé ọmọ iṣẹ́ ni pé ọ̀tọ̀ ni ipò ọkà, ọ̀tọ̀ ni purotéènì. Ipò ọkà dá lórí bó ṣe wúwo tó, bóyá ó fọ́ tàbí ó bà jẹ́, àti bóyá ohun àjèjì wà nínú rẹ̀. Kí irú àlìkámà yìí tó gba ipò kìíní lábẹ́ ìlànà ìjọba Amẹ́ríkà, búṣẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wọn pọ́ùn 58, ó kéré tán. Purotéènì kò sí nínú ìṣirò ipò yẹn rárá. Lọ́tọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, lọ́tọ̀ ni wọ́n sì ń sanwó rẹ̀. Òun ló ń mú kí ìyẹ̀fun pípò fà, kí búrẹ́dì sì wú. Àwọn tó ń lọ ìyẹ̀fun ní Nàìjíríà náà ń ra àlìkámà líle láti Amẹ́ríkà, nítorí búrẹ́dì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò dà. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń gba ọkà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní North Dakota ló ń fi purotéènì 14% ṣe ìpìlẹ̀ iye owó.

Inú oko ni purotéènì ti ń wá. Náítírójìn tí àlìkámà bá rí nínú ilẹ̀, ewé àti hóró púpọ̀ ló kọ́kọ́ ń ná an lé. Èyí tó bá ṣẹ́kù ló ń di purotéènì. Ìdí nìyẹn tí ọdún tí òjò bá dára, tí ọkà sì pọ̀, fi lè jẹ́ ọdún tí purotéènì lọ sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ North Dakota fi kọ́ àgbẹ̀ láti ṣírò pọ́ùn 2.5 náítírójìn fún búṣẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tó ń retí, kó sì yọ èyí tó ti wà nínú ilẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí kò yẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò kò lè ṣe ìṣirò yìí.

Àwọn kan tún ń wọ́n nǹkan bíi 30 pọ́ùn náítírójìn fún éékà kan, nínú ajílẹ̀ olómi tí wọ́n ti fi omi là, sórí àlìkámà lẹ́yìn tó bá tanná. Ó lè fi ìdajì sí odindi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kún purotéènì. Kí ọ̀dọ́ àgbẹ̀ má ṣe é nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ ń ṣe é. Lọ́dún ọ̀dá, purotéènì ga káàkiri, àlékún owó sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Owó ajílẹ̀ ti wọlẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí èrè ti ń bọ́ jù ni inú àká. Ká ní olùrà kan ń gé sẹ́ǹtì 10 lórí búṣẹ́ẹ̀lì fún gbogbo 0.2% tí purotéènì fi dín sí 14%, tó sì ń fi sẹ́ǹtì 4 kún un fún gbogbo 0.2% tó fi lé. Àgbẹ̀ kan ní àká méjì, búṣẹ́ẹ̀lì 5,000 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan jẹ́ 13.2%, èkejì 15%. Bó bá tà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yóò pàdánù sẹ́ǹtì 40 níbí, yóò jèrè 20 lọ́hùn-ún. Bó bá dà wọ́n pọ̀ dọ́gba, 14.1% ni yóò jẹ́, wọn ò sì ní gé nǹkan kan. Ẹgbẹ̀rún dọ́là ni ìyàtọ̀ yẹn. Bí àlékún bá ju gígé lọ, kó má dà wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti da ohun gbogbo sínú àká kan látìgbà ìkórè kò ní ohun tó fẹ́ yàn mọ́.

Ọkà tó ti hù ní tirẹ̀, kò sí àdàpọ̀ tó yẹ ẹ́. Bí òjò bá pa àlìkámà tó ti gbó, èròjà kan tó ń fọ́ sítáàṣì sí wẹ́wẹ́ á jí nínú hóró, búrẹ́dì rẹ̀ á sì máa lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ. Ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Falling Number ló ń tú u fó: ọ̀pọ̀ olùrà ń fẹ́ 300 ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Díẹ̀ péré nínú ọkà tó hù lè ba odindi àká jẹ́. Lọ́dún 2016, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní Washington àti Idaho rí i báyìí. Àlìkámà funfun rírọ̀ ni tiwọn, èyí tí àwọn olùṣe kéèkì ń fẹ́ kí purotéènì rẹ̀ kéré, síbẹ̀ Falling Number tó lọ sílẹ̀ gé owó wọn. Bí òjò bá ṣú sókè, ó sàn kí àgbẹ̀ kórè ọkà tó ṣì tutù díẹ̀, kó sì fi ẹ̀rọ gbẹ ẹ́.

Nígbà tí ọkà bá ń wọ àká, kí àgbẹ̀ máa bù díẹ̀ nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó kọ orúkọ oko àti ọjọ́ sára àpò rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ka purotéènì yára, àmọ́ ti ibì kan lè pe 13.7% ohun tí ti ibòmíràn pè ní 14%. Kó gbé àpò yẹn dé ọ̀dọ̀ ju olùrà kan lọ kó tó ṣàdéhùn. Bí iye wọn bá takora, ó lè fi í ránṣẹ́ sí àwọn ayẹ̀kàwò tí ìjọba àpapọ̀ fún láṣẹ, kí wọ́n sanwó fún un lórí ìwé èsì tí wọ́n bá fún un, bí olùrà bá ti gbà bẹ́ẹ̀ nínú àdéhùn.