Imú Ẹlẹ́dẹ̀ Nínú Ọgbà Wa

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fa ikùn wọnú o. Ẹ mí síta.”

Ìyá aránṣọ ló ń bá mi wí. Ó ti fi téèpù yí ikùn mi po, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí ó parí sí: 103. Ó gbé ìwé ńlá tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà rẹ̀ sí, ó ń ṣí i sẹ́yìn, ó ń ṣí i sẹ́yìn, títí ó fi kan ojú ewé kan tí òróró ẹ̀rọ ti kán sí. Ọdún 2011, orúkọ mi, 84. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn tì í síwájú mi bí ẹni gbé oúnjẹ fún àlejò.

Sẹ̀ǹtímítà 19 láàárín ọdún 14. Bí a bá pín in, sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ ni lọ́dún. Ta ni yóò fura sí ìyẹn? Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Imú lásán ló kọ́kọ́ ń tì wọlé, ẹ ó fi rẹ́rìn-ín. Kí ẹ tó yíjú padà, iṣu ti tán lébè. Ní Adjarra wa yìí ní ilẹ̀ Benin, tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ìlú láì dárúkọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀, òwe náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìròyìn.

Kí n tó délé ni mo ti ní àwáwí lẹ́nu: ọjọ́ orí ni. Àwáwí náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lọ́dún 2021, ìwé ìròyìn Science gbé ìwádìí kan jáde lórí èèyàn tó lé ní 6,400 láti orílẹ̀-èdè 29, láti orí ìkókó ọjọ́ mẹ́jọ dé orí arúgbó ọdún 95. Agbára tí ara ń jó lójúmọ́ ni wọ́n wọ̀n. Nígbà tí wọ́n fi ti ìtóbi ara oníkálukú ṣírò, wọ́n rí i pé láti nǹkan bí ogún ọdún títí dé ọgọ́ta, kò lọ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ọgọ́ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rẹlẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Iná ààrò wà bó ṣe wà. Ìkòkò ni a sọ di ńlá.

Ẹsẹ̀ pẹ̀lú sì ti gba ìsinmi. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń gùn lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí kò tó kìlómítà mẹ́wàá síbí. Lónìí, zémìjàn ni mò ń pè láti ẹnu ọ̀nà mi dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì. Ọlọ́kadà náà kì í bi mí níbi tí mò ń lọ mọ́.

Ìlú kì í sì í bá èèyàn wí. Bí ikùn bá yọ, wọ́n á ní, “Ayé ń yẹ yín o!” Bí ó bá fọn, wọ́n á fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: “Ṣé kò sí o? Ẹ ti lọ ṣe àyẹ̀wò?” N kò dá wọn lẹ́bi, ẹni tó ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, ti rí ebi rí. Àmọ́ ọmọdé bú ìrókò, ó bojú wẹ̀yìn. Ṣé òòjọ́ ni olúwéré ń jà? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí àyíká ikùn ọkùnrin bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 94, tí ti obìnrin kọjá 80, ewu ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn ọkàn ti ń sún mọ́lé. Bí ó bá ré 102 àti 88 kọjá, ewu ti ga. Mo ti fi sẹ̀ǹtímítà kan wọnú oko olóko.

Àwo alẹ́ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àkàsà mẹ́rin, ọbẹ̀ tí epo rẹ̀ léfòó dé etí àwo, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí ọ̀rá rẹ̀ ń dán, àti ẹ̀fọ́ tó dà bí ewé tí atẹ́gùn gbé wọlé. Mo tún un tò ni, n kò dà á nù. Ẹ̀fọ́ gbọ̀mà tàbí tẹ̀tẹ̀ gba ìdajì àwo, àkàsà di méjì, ẹja tàbí ẹ̀wà gba ìyókù. Ìyàwó mi kò da epo láti inú ìgò mọ́, ṣíbí ló fi ń wọ̀n ọ́n, nítorí ṣíbí ìjẹun kan péré ń sún mọ́ kálórì 120. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́? N kò lè purọ́ fún yín. Ọjọ́ ọjà ni mo fi í sí, ọjà wa sì rèé, ọrọọrún ni. Sísun ni mo ń rà, kí ọ̀rá lè kán síná.

Ohun mímu ni ọ̀pọ̀ kì í kà mọ́ oúnjẹ. Ìgò sucrerie (ọtí ẹlẹ́rìndòdò) kékeré kan, sẹ̀ǹtílítà 33, sábà máa ń gbé ṣúgà bíi gíráàmù 35, bẹ́ẹ̀ 25 lójúmọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó sàn kéèyàn má kọjá. Ọtí sódàbì náà kì í ṣe omi; ara ń ka kálórì rẹ̀ bí ẹ kò tilẹ̀ kà á.

Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí n gbààwẹ̀ gbọọrọ, àwọn mìíràn gbé àgbo tí ń mú ni ṣu gbuuru wá. Omi ni ìgbẹ́ gbuuru ń gbé lọ, ọ̀rá jókòó síbi tó wà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ìwádìí lórí èèyàn 3,234 tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí wọn, ọ̀pọ̀ wọn wà ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Wọ́n ní kí apá kan dín ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn kù, kí wọ́n sì máa fi ìṣẹ́jú 150 rìn lọ́sẹ̀. Nígbà tí àbájáde jáde lọ́dún 2002, ìtọ̀ ṣúgà tó mú wọn fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí wọ́n fún ní oògùn àfarawé tí kò ní agbára nínú. Oògùn metformin tí apá mìíràn lò kò ṣe ju ìdá 31 lọ. Fún oníkílò 90, kílò mẹ́fà àti díẹ̀ lásán ni. (Ẹni tó bá ti ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, kí ó bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó bu oúnjẹ rẹ̀ kù.)

Ìṣẹ́jú 150 náà kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo fi ń rìn, kí oòrùn tó yọ. Lọ́jọ́ ọjà, mo ń fi ọwọ́ gbé ẹrù mi wálé, nítorí iṣan tí a kò bá lò ń joro bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Nílùú tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìlù, tí wọ́n ń tà á lọ́jà, kò sì sẹ́ni tó lè ní òun kò rí ibi ṣeré ìdárayá. Ẹ jó. Àìsùn òkú kan tí mo jó dáadáa lóṣù tó kọjá, ẹ̀wù mi rin ju ti ìrìn ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Oṣù mẹ́fà kọjá kí n tó padà sọ́dọ̀ ìyá aránṣọ. Ó fi téèpù yí mi po, ó kọ 98 sábẹ́ 103. Mo ní kí ó bá mi dín ṣòkòtò tó ti rán fún mi. Ó wò mí, ó fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu, ó ní, “Màá dín in, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n n kò ní gé aṣọ inú rẹ̀ sọnù o.”