Kí O Tó Ra Ẹ̀rọ Ìfọṣọ

Ọmọ mi, má tíì sanwó. Ṣé omi ẹ̀rọ ilé rẹ máa ń yọ dáadáa, àbí korobá lẹ fi ń pọn ọ́n? Bó bá jẹ́ ti korobá, ra oníhò méjì nì, ọ̀kan fún fífọ̀, ọ̀kan fún fífún. Wàá lè fọwọ́ bu omi sí i. Èyí tó ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe, bí omi kò bá lágbára, á kàn dúró ni, á máa han. Tèmi ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan. Bùbá tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì sun inú ọṣẹ mọ́jú.

Ẹ̀rọ ìgbẹṣọ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ iná tó 2,000 wáàtì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé e. Oòrùn ṣáà wà lẹ́yìnkùlé.

Lọ bá ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ládùúgbò yín, kó o bi í pé páàtì èwo ló ń rí rà.