Nígbà Tí Ẹsẹ̀ Ọ̀dọ́ Bá Ṣàdédé Wú

Bíbélì kíkà: Jòhánù 9:1-7

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa nínú Olúwa, bí ẹsẹ̀ ọ̀dọ́ kan bá ṣàdédé wú, ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé ó ti fẹsẹ̀ tẹ nǹkan. A ó wá òróró, a ó sì wá ẹni tí yóò wọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa, nítorí ó lè la ẹ̀mí lọ.

Iṣan ńlá kan wà nínú ikùn wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Òun ni ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ẹsẹ̀ padà sí ọkàn. Àwọn díẹ̀ wà, wọn kò tó ẹnì kan nínú 100, tí iṣan yìí kò pé lára wọn láti inú oyún. Ti ẹlòmíràn kò tilẹ̀ sí rárá. Ẹ̀jẹ̀ wọn a máa gba àwọn iṣan kéékèèké kọjá, bí omi tí ń ya gba ibòmíràn nígbà tí odò bá dí. Wọ́n lè dàgbà láìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí kò ṣàn geere lè dì. Ó sábà ń ṣẹlẹ̀ kí ènìyàn tó pé 40 ọdún, nígbà mìíràn lẹ́yìn iṣẹ́ agbára. Ẹsẹ̀ méjèèjì lè wú, ẹ̀yìn tàbí ikùn sì lè máa dunni.

Bí ẹ̀jẹ̀ tó dì bá já, yóò gba inú ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni náà kò ní lè mí dáadáa, àyà yóò máa dùn ún, ó sì lè kú. Nítorí náà, ẹ má ṣe wọ́ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Skáànì ẹsẹ̀ a máa fi ẹ̀jẹ̀ tó dì hàn, ṣùgbọ́n ó lè má fi iṣan inú ikùn hàn. Bí aláìsàn bá jẹ́ ọ̀dọ́, tí a kò sì rí ohun tó fà á, ẹ bi dókítà bóyá kí wọ́n ya àwòrán inú ikùn pẹ̀lú. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wà. Àwọn mìíràn yóò máa lò ó títí ayé. Obìnrin tó ní àìlera yìí gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí ó tó lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, àti nígbà tó bá lóyún, nítorí méjèèjì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì.

Nínú Bíbélì tí a kà, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń wá ẹni tó dẹ́ṣẹ̀. Jésù kò di ẹ̀bi náà ru ẹnikẹ́ni, ìwòsàn ni ó ṣe. Àbùkù àbínibí kì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Kí a má ṣe fi ìbéèrè "ta ni ó ṣe é?" fi àkókò ìtọ́jú ṣòfò.

Fún ìjíròrò:
1. Kí ni a máa ń kọ́kọ́ ṣe bí ẹsẹ̀ bá wú nínú ilé wa?
2. Báwo ni a ó ṣe ran ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní àbùkù àbínibí lọ́wọ́?

Àdúrà: Olúwa, fún wa ní ọgbọ́n láti tètè ṣe ohun tó yẹ. Àmín.