Tírélà Tí Kì í Ṣe Tírélà

Bí mo bá pariwo pé tírélà kan ń bọ̀ nínú ọgbà wa, gbogbo yín lẹ máa sá kúrò lójú títì. Ohun tó máa wá sí yín lọ́kàn ni ọkọ̀ gàgàrà ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó ń kó sìmẹ́ǹtì. Tírélà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àpótí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ibùsùn wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ. Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní ìjókòó, kò sì ní dírẹ́bà. Láyé Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ṣe é fún iṣẹ́ ogun. Àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí tí wọ́n ń wá a kiri nínú oko àti ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n ń fi òpin ọ̀sẹ̀ wọn tún un ṣe títí yóò fi rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kúrò ní iléeṣẹ́. Kì í ṣe òwò fún wọn. Ìfẹ́ lásán ni.

Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló kan ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò ni mò ń kó jọ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, mo sì ń tọ ọ̀rọ̀ méjì lẹ́yìn, jíìpù àti tírélà. Ibi tí wọ́n gbé mi dé nìyí.

Ní ọdún 1940, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ń wá ọkọ̀ kékeré tó lè gun òkè, tó sì lè la ẹrọ̀fọ̀ kọjá. American Bantam, iléeṣẹ́ kékeré kan ní ìlú Butler ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ló kọ́kọ́ ṣe ọ̀kan parí. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n wà á dé ibùdó ológun Holabird ní Baltimore. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbin iṣu yìí kọ́ ló jẹ ẹ́. Ìjọba rò pé Bantam kéré jù fún iye ọkọ̀ tí ogun ń fẹ́, wọ́n sì gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà fún Willys-Overland àti Ford. Àwọn méjèèjì ṣe jíìpù tó ju 600,000 lọ kí ogun tó parí. Ti Bantam kò tó 3,000. Iṣẹ́ tí wọ́n wá fi tu Bantam nínú ni tírélà tí jíìpù yóò máa fà. Willys náà ṣe irú rẹ̀. T-3 ni wọ́n ń pe ti Bantam, MBT ni ti Willys.

Ẹrù pọ́n-ùn 500, ìyẹn nǹkan bíi kílò 227, ni wọ́n ṣe é láti gbé. Òrùka irin wà lẹ́nu rẹ̀ tí ìkọ́ ìdí jíìpù ń gbà mú. Ìwọ̀n táyà rẹ̀ àti ti jíìpù dọ́gba, kí ọ̀kan lè yá èkejì ní ti ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú ogun. Àpótí rẹ̀ kò jò rárá, ó tilẹ̀ lè léfòó bí wọ́n bá fẹ́ wọ́ ọ kọjá odò. Ihò méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi ìdérí dí, kí wọ́n lè máa ṣí i tí òjò bá kún inú rẹ̀. Ọgbọ́n ihò yìí ló padà pa ọ̀pọ̀ wọn lára. Lẹ́yìn ogun, àwọn tó rà wọ́n kò ṣí ìdérí mọ́. Omi àti ewé jíjẹrà sùn sínú wọn fún ọdún gbọọrọ, ilẹ̀ àpótí sì dípẹtà di asẹ́. Ibẹ̀ ni ẹni tó bá ń tún un ṣe lónìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo orúkọ. Nínú ìwé ológun, orúkọ rẹ̀ ni *Trailer, ¼-ton, 2-wheel, Cargo*. Ẹ tún un kà. Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ wa, ẹ̀yán ni yóò ṣáájú, orí àpólà yóò sì gbẹ̀yìn. Níbí, orúkọ ló kọ́kọ́ jáde, àwọn ẹ̀yán sì tò sẹ́yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nínú Yorùbá: tírélà, ìdá kan nínú mẹ́rin tọ́ọ̀nù, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ti ẹrù. Kì í ṣe pé àwọn ọ̀gágun náà gbọ́ Yorùbá o. Ìdí rẹ̀ ni pé inú ìwé àkójọ ni orúkọ yìí ń gbé, ẹni tó bá sì ń wá tírélà nínú àkójọ gbọ́dọ̀ rí gbogbo tírélà lójú kan. Ẹni tó bá ní kò sẹ́ni tó lè yí ètò àpólà Gẹ̀ẹ́sì padà, ẹ fi ìwé yìí hàn án.

Orúkọ kejì jẹ́ nọ́ńbà. Nínú àkójọ kan náà, G-503 ni jíìpù, G-529 ni tírélà rẹ̀, G-518 sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé tọ́ọ̀nù kan. Iléeṣẹ́ ológun ti pa àkójọ yẹn tì tipẹ́. Àwọn tó ń tún ẹrù ogun ṣe ni kò jẹ́ kí ó kú. Nọ́ńbà yìí ni wọ́n fi ń béèrè pààtì, òun ni wọ́n sì fi ń bára wọn jiyàn.

Orúkọ kẹta ló dùn jù. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ṣe G-518, ọ̀kan nínú wọn ni Ben-Hur ní ìlú Milwaukee. Síbẹ̀, iléeṣẹ́ yòówù tó ṣe é, Ben-Hur ni gbogbo ayé ń pè é. (Ẹ̀yin tí ẹ ti wo fíìmù 1959 nì, tí ẹṣin ń fi kẹ̀kẹ́ ogun sáré, ẹ̀rín á pa yín.) Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tírélà ológun tí Land Rover ń fà ni Sankey, orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ má jẹ́ ká yọ ṣùtì sí wọn. Ìyá wa tó ní ká lọ ra Omo, ṣé Omo gan-an la máa ń rà bọ̀ nígbà gbogbo? Àti Indomie ńkọ́? Jíìpù fúnra rẹ̀ ló tóbi jù nínú ọ̀ràn yìí. Lójú wa lónìí, ọkọ̀ gíga olówó ńlá èyíkéyìí ni jíìpù, ì báà jẹ́ Toyota tàbí Lexus.

Ẹ ó gbọ́ pé lẹ́tà GP ni *jeep* ti wá. Ẹ ṣọ́ra. Lóòótọ́, Ford kọ GPW sára jíìpù tirẹ̀, ṣùgbọ́n G dúró fún ìjọba, P dúró fún ọkọ̀ tí àlàfo táyà iwájú àti tẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ íńṣì 80, W sì dúró fún Willys tó ni àwòrán náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láti 1936 ni ẹranko kan tí ń jẹ́ Eugene the Jeep ti wà nínú àwòrán ẹ̀fẹ̀ Popeye. Ìtàn tó bá dùn létí jù ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí.

Iṣẹ́ àtúnṣe gan-an ló jọ iṣẹ́ wa jù. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í fi iná jó ọ̀dà kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Sáńpépà tó kúnná ni yóò fi máa ha á díẹ̀díẹ̀: ọ̀dà pupa tí àgbẹ̀ kùn ún lọ́dún kan, búlúù abẹ́ rẹ̀, àwọ̀ ewé ológun abẹ́ ìyẹn. Bó bá ní sùúrù, nọ́ńbà tí ọmọ ogun fi búrọ́ọ̀ṣì kọ sí i yóò yọjú. Lẹ́yìn náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tí àwọn tó rà á lẹ́yìn ogun ṣe sí i. Kò ní ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, nítorí náà wọ́n ti gé ẹ̀yìn rẹ̀ kí iyanrìn lè rọrùn láti kó sílẹ̀. Wọ́n ti gé òrùka ẹnu rẹ̀, wọ́n fi ìdè ọkọ̀ alágbádá rọ́pò rẹ̀. Nígbà míì, àgékù mẹ́ta ni wọ́n ń pa pọ̀ kí odindi kan tó jáde.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wà. Àwo irin pẹlẹbẹ kan wà lára tírélà tí wọ́n tẹ orúkọ, nọ́ńbà àti ọjọ́ sí. Púpọ̀ nínú wọn ti sọnù, ṣùgbọ́n wọ́n ń ta tuntun tí ojú nọ́ńbà àti ọjọ́ rẹ̀ ṣófo. Ẹni tó bá ra ọ̀kan lè fi òòlù tẹ 1943 sí i, kí tírélà tí wọ́n fi àgékù mẹ́ta ṣe di ọmọ 1943 lójijì. Lójú tèmi, èyí burú ju ìpẹtà lọ. Àwa ní ọ̀nà tí a ń gbà yẹra fún irú irọ́ yìí. Nígbà tí Akinkugbe fi àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá wé Ìṣẹ̀kírì àti Igálà ní 1978, tó sì tún ìró ìyá wọn kọ́, ìràwọ̀ ló máa ń wà níwájú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìràwọ̀ ń sọ ni pé, "Mi ò gbọ́ èyí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, èmi ni mo tò ó pọ̀ láti inú ẹ̀rí." Àwo irin tuntun náà yẹ kó ní ìràwọ̀ tirẹ̀. Àwọn olóòótọ́ inú wọn ń ṣe é: wọ́n ń kọ sínú ìwé èyí tó jẹ́ ojúlówó àti èyí tó jẹ́ àfikún, kí ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ wọn lè mọ̀.

Ó ku tírélà tiwa. Ní ti ìró, kò ṣòro. Yorùbá kò gba ìsúpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, nítorí náà a fi /i/ la /t/ àti /r/, bí a ti ṣe fún dírẹ́bà. Bí kọ́ńsónáǹtì tó ṣáájú bá jẹ́ afèjì-ètè-pè, /u/ la sábà máa ń lò, bíi ti búrẹ́dì. Òfin kan náà ló fún wa ní jíìpù dípò *jíìpì. (Iṣẹ́ ìràwọ̀ yìí yàtọ̀ sí ti òkè o, ẹ̀yin 100 level, ẹ má pa wọ́n pọ̀.)

Ìtumọ̀ ló yí padà. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n ń fà ni *trailer*, kì í ṣe ohun tó ń fà á. Tiwa jẹ́ orí àti ìdí lápapọ̀. Mo ti gbọ́ ọ nínú kíláàsì pé àṣìṣe àwọn tí kò kàwé ni. Rárá. Akọ̀ròyìn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé ní Èkó ń pe odindi rẹ̀ ní *trailer*, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ wa náà pín nínú ìyípadà yìí. Àgbẹ̀ tó gé ẹ̀yìn tírélà rẹ̀ kò ṣe àṣìṣe; iyanrìn ló fẹ́ kó. Ẹni tó bá fẹ́ dá a padà sí 1943 lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé òun ló yan ọdún náà.

Ohun tí mo ṣì ń wá ni orúkọ apá ẹ̀yìn tí kò ní ẹ́ńjìnnì, nígbà tí wọ́n bá tú u kúrò lára orí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba garéèjì kọjá lọ sílé lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bá mi bi àwọn dírẹ́bà àti àwọn mẹkáníìkì. Ẹ má dárúkọ kankan fún wọn kí wọ́n tó dáhùn. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe pè é, pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ sì fi orúkọ ìlú tí ẹ ti gbọ́ ọ sí i.