Àtíbàbà Ọgbà àti Ìjì Ìbẹ̀rẹ̀ Òjò: Ìmọ̀ Iṣẹ́ Ọwọ́ nínú Kíláàsì Yorùbá ní Àkúrẹ́ àti Òǹdó

Ìfáàrà

Àtíbàbà kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Òpó mẹ́rin tàbí mẹ́fà ni a ó ri mọ́lẹ̀, a ó gbé igi dábùú lé wọn lórí, a ó sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Abẹ́ rẹ̀ ni àlejò ń jókòó sí níbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó. Abẹ́ rẹ̀ ni ìyá aláta ń pàtẹ sí. Abẹ́ rẹ̀ náà ni olùkọ́ ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ nígbà tí ooru bá mú jù nínú iyàrá. Lóde òní, ó ti wọ inú ọgbà òdòdó. Pákó rírẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, wọn a fi àlàfo sáàárín àwọn igi orí rẹ̀, wọn a sì jẹ́ kí ìtàkùn fà á. Irú èyí ni iṣẹ́ yìí pè ní àtíbàbà ọgbà.

Ohun kan náà tí ó mú kí abẹ́ àtíbàbà tura ni ó mú kí ó ṣòro fún un láti dúró: kò ní ògiri. Bí ìjì bá dé, òpó nìkan ni ó wà láti jà fún un. Níbi tí ọmọdé bá ń jókòó sábẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ẹwà ọgbà.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ọ̀rọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà kò sí lára iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́. Síbẹ̀, ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí Babátúndé Fáfunwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Àtíbàbà jẹ́ ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lè tẹ̀ síwájú láìná owó púpọ̀.

Ẹ̀fúùfù àti àsìkò rẹ̀

Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni Yorùbá ń pè ní afẹ́fẹ́. Atẹ́gùn ni èyí tí ó ń fẹ́ yẹ́ẹ́ tí ó ń tu ni lára. Ẹ̀fúùfù ní agbára jù ú lọ. Ìjì ni ó ń wó igi, tí ó sì ń ká páànù. Ọyẹ́ ń ti ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn wá láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Olùkọ́ tí ó bá ń lo "afẹ́fẹ́" fún gbogbo wọn ti gba irin iṣẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ní Àkúrẹ́ àti Òǹdó, ìjì tí ó burú jù sábà máa ń wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, àti nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Láti ìlà-oòrùn ni ó sábà ń bọ̀, tí ó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ojú ọ̀run yóò ṣú lọ́hùn-ún, gbogbo nǹkan yóò pa rọ́rọ́, lẹ́yìn náà ni ẹ̀fúùfù tútù yóò já lu ìlú kí òjò tó dé. Òkèèrè ni a ti ń wo igi gogoro tí yóò gún ni lójú; ẹni tí ó bá ti rí i pé ìlà-oòrùn ṣú kò gbọdọ̀ fi ọmọ sílẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà, bó ti wù kí ó lágbára tó.

Ọyẹ́ pàápàá ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí kò tilẹ̀ wó nǹkan kan. Ó ń fa omi ara igi gbẹ, igi a súnkì, okùn tí a fi dì í a dẹ̀, ìṣó a sì máa mì nínú ihò rẹ̀. Bí àtíbàbà ṣe ń jáde nínú ọyẹ́ pẹ̀lú oríkèé tí ó ti tú ni ìjì oṣù kẹta ń pàdé rẹ̀. Nítorí náà, ìparí oṣù kejì ni ó yẹ kí a tún okùn fà, kí a sì tún bóòtù dì.

Bí ìjì ṣe ń gbé àtíbàbà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni ìjì ń ti àtíbàbà ṣubú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ tán. Ìjì tún ń gbé e sókè, nítorí pé èyí tí ó wọ abẹ́ rẹ̀ ń tì í láti ìsàlẹ̀, èyí tí ó sì ń sáré kọjá lórí rẹ̀ ń fà á láti òkè. Ìdí nìyí tí òpó alápàlàkà tí àwọn baba ńlá wa ń lò fi nílò okùn. Pàlàkà gba igi ìdábùú dáadáa bí ẹrù bá ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Kò lè ṣe nǹkan kan bí igi náà bá fẹ́ fò jáde.

Ìṣirò díẹ̀ yóò mú un yéni. Bí ìjì bá ń sáré ní kìlómítà 36 ní wákàtí kan, ó ń tẹ mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan tí ó bá dènà rẹ̀ bí ẹrù kílò 6. Bí ó bá di kìlómítà 72, kì í ṣe 12 ni yóò dà, bí kò ṣe 24: bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́rin. Àtíbàbà tí ó gùn ní mítà 4, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 3, ní mítà onígun mẹ́rin 12 lórí. Bí a bá fi aṣọ tapólì bò ó pátápátá, ìjì náà lè kọlù ú pẹ̀lú agbára tí ó tó nǹkan bí kílò 290, èyí tí kò jìnnà sí ìwọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà.

Ibí ni ọgbọ́n imọ̀ ọ̀pẹ ti fara hàn. Ihò wẹ́wẹ́ kún àárín imọ̀. Ẹ̀fúùfù a gba ibẹ̀ kọjá, díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ a sì bá a lọ. Tapólì kì í jẹ́ kí ó kọjá. Ńṣe ni ó ń wú bí ìgbòkun ọkọ̀. Ẹni tí ó ká imọ̀ kúrò, tí ó ta tapólì sórí òpó tí a ri fún imọ̀, ti gbé ẹrù tuntun lé òpó àtijọ́. Ìtàkùn náà ń fẹ́ àmójútó. Bí ó bá ti dí pa, tapólì ni òun náà ti dà; kí a gé e kù kí oṣù kẹta tó wọlé.

Ìdí òpó àti àmúró

Òpó tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 3 yẹ kí ó wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 75, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin. Kí kòtò rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Kọnkéré tí yóò kún un, lẹ́yìn tí òpó oníbùú sẹ̀ǹtímítà 10 bá ti gba àyè tirẹ̀, yóò wúwo tó nǹkan bí kílò 144. Ti òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò jẹ́ 576. Ẹ fi èyí wé kílò 290 tí a ṣírò lókè. Ṣùgbọ́n ìwúwo yìí kò wúlò bí òpó bá lè yọ́ jáde nínú kọnkéré. Kí a kan ìṣó ńláńlá sí ara ìdí òpó, kí orí wọn yọ síta, kí a tó da kọnkéré yí i ká, kí kọnkéré lè rí nǹkan dìmú.

Ikán àti omi ni ọ̀tá tí ó kù. Kí a da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ kòtò kí omi lè rí ọ̀nà lọ, kí a sì jẹ́ kí orí kọnkéré dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára òpó. Ní àwọn apá ibìkan ní Àkúrẹ́, àpáta kò jìnnà sí ojú ilẹ̀, kòtò kò sì lè jìn. Níbẹ̀, kí a fẹ kòtò ní ìbú, kí kọnkéré lè pọ̀ tó bó ti yẹ, kí a sì ta okùn láti orí òpó sí èèkàn níbi tí ilẹ̀ bá gbà á.

Ìdúró òpó nìkan kò tó. Igi mẹ́rin tí a kàn pọ̀ ní igun mẹ́rin lè yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ láìṣẹ́. Igi mẹ́ta tí a kàn pọ̀ ní igun mẹ́ta kò lè yẹ̀ àfi bí ọ̀kan bá ṣẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé àmúró, igi kúkúrú tí a dá ní ìdagẹ̀rẹ̀, sáàárín òpó àti igi ìdábùú. Ìhà méjèèjì ni kí ó wà lára òpó kọ̀ọ̀kan, nítorí ìjì kì í bèèrè ọ̀nà. Bóòtù ni kí a fi dè é. Ìṣó tí a kàn láti òkè wá sílẹ̀ ń fà yọ bí ìjì bá ń gbé igi.

Nínú kíláàsì

Ẹ̀kọ́ yìí bá àròkọ alálàyé mu. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ kó àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀: ri, gbẹ́, rọ́, kàn, dì, dè, so, ta, tì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín "dì" àti "dè" kí wọ́n tó kọ gbólóhùn kan. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tọ àwọn àgbà oníṣẹ́ igi lọ ní Òǹdó àti ní Àkúrẹ́, kí wọ́n sì kọ orúkọ tí ẹ̀ka-èdè ìlú kọ̀ọ̀kan fún òpó, àmúró àti èèkàn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí kánópì onírin tí a ń háyà ti gba ipò àtíbàbà níbi ìnáwó.

Ní ìparí, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ àlàyé bí a ṣe ń ṣe àtíbàbà, kí ẹlòmíràn sì fi ọwọ̀ ìgbálẹ̀, òwú àti ewé kọ́ ọ sínú àwo iyanrìn, láìṣe ohunkóhun tí kò sí nínú àlàyé náà. Kí olùkọ́ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Níbi tí ó bá ti yẹ̀, kí kíláàsì padà sínú ìwé láti wá gbólóhùn tí òǹkọ̀wé fò.