Ẹ Gbé Ojú Kúrò Lára Fóònù, Ẹ̀yin Ayàwòrán Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ súnmọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń yàwòrán ní Adéwọlé, ní Ìlọrin níbí, mò ń wò yín. Tí ẹ bá ti fẹ́ yà nǹkan, inú fóònù lẹ ti ń wá a. Ojú olójú ò jọ ojú ẹni, ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀.

Ọmọ àbúrò mi kan gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá fún mi lọ́jọ́ kan, ó ya ìyá oníkòkò. Ó dára lójú, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń yí ni ìyá náà fi ń mọ ìkòkò! Mo ní, "Ẹ̀rọ wo ni wọ́n ń lò ní Dàda?" Ọwọ́ ni àwọn ìyá oníkòkò Dàda, ní Òkèlele, fi ń mọ ọ́n. Ìlọrin ni wọ́n bí ọmọ yìí sí o.

Ṣé Òkèlele jìnnà ni? Tí ìkòkò bá ti inú iná jáde, tó ṣì gbóná janjan, wọ́n á wọ́n omi èèpo irúgbá sí i lára, igi tí à ń fi kóró rẹ̀ ṣe irú. Á hó ṣàá, àwọ̀ á sì máa yí lójú yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀: àwọ̀ wo ló kọ́kọ́ dé, ibo ni oòrùn wà, báwo ni ìyá náà ṣe tẹ̀ ba. Fóònù á mú ìkòkò, kò ní bá yín mú òórùn èéfín.

Àwọn àgbà ayàwòrán náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí: Mọ́yọ̀ Òkédìjí, ayàwòrán tó kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń kun ògiri ojúbọ òrìṣà Akirè ló lọ. Wọn ò ra ọ̀dà, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wa àwọ̀ wọn, tí ọdún bá sì yípo wọ́n á tún ògiri náà kùn. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi yẹpẹ kun iṣẹ́ tirẹ̀. Ní 1989, òun, Bọ́lájí Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ ayàwòrán tí wọ́n pè ní Ọnà sílẹ̀. Mo mọ̀ pé Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú yín, n ò ní kí ẹ lọ bọ òrìṣà. Bí àwọn ayàwòrán náà ṣe jókòó ti àgbà, tí wọ́n wòran dáadáa, ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́.

Ẹ wá bá mi láàárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó le, ká jọ lọ sí Dàda. Ẹ mú ìwé tí kò nílà àti pẹ́ńsù. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kí àwọn ìyá oníkòkò kí ẹ tó jókòó, ẹ sì ra ìkòkò lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó máa bọ̀ wálé.