Èèkàn àti Ojú-àkọ́gbá: Ìperí fún Tee nínú Eré Gọ́ọ̀fù

1. Ìṣòro

Ìmọ̀ràn kan wọ́pọ̀ nínú ìwé tí a fi ń kọ́ ọ̀gbẹ̀rì ní eré gọ́ọ̀fù: kí ó yan tee tí ó bá a mu. Ògbufọ̀ tí ó bá fẹ́ sọ gbólóhùn yìí di Yorùbá yóò kọsẹ̀, nítorí pé nǹkan méjì ni elédè Gẹ̀ẹ́sì ń fi orúkọ kan náà pè. Ọ̀kan ni igi tín-ínrín tí a ń gún mọ́lẹ̀ kí bọ́ọ̀lù lè jókòó sí orí rẹ̀. Èkejì ni àyè tí a ti là sílẹ̀, níbi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìgbà àkọ́kọ́ sí ọ̀nà ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ògbufọ̀ bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, òǹkàwé tí a ní kí ó sún síwájú yóò lọ ra igi tí ó gùn sí i. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ yóò ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó jìn ju agbára rẹ̀ lọ kò ní fi ẹsẹ̀ bàtà kan dínkù. Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni láti wá ìperí kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

2. Orísun ìdàpọ̀ náà

Nínú òfin tí àwọn agbágọ́ọ̀fù Leith ní ilẹ̀ Scotland ṣe ní 1744, ẹ̀gbẹ́ ihò gan-an, láàrin gígùn ọ̀pá kan, ni a ti ń gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, òkìtì iyanrìn kékeré ni a ń kó sí abẹ́ bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, 1899, George Franklin Grant, oníṣègùn eyín aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba lórí igi onírọ́bà lórí tí yóò rọ́pò iyanrìn. Ní àwọn ọdún 1920 ni oníṣègùn eyín mìíràn, William Lowell, sọ irú igi bẹ́ẹ̀ di ọjà tí ó gbayì. Igi rọ́pò iyanrìn, ṣùgbọ́n orúkọ kò yí padà. Kò sí ìdí tí Yorùbá yóò fi jogún ìdàpọ̀ yìí.

3. Àyẹ̀wò àwọn ìperí

(a) Tíì. Àyálò yìí rọrùn láti pè, ṣùgbọ́n ohun mímu ti gba orúkọ náà ṣáájú. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ‘ó gbé tíì kalẹ̀’ yóò máa wo ibi tí ṣúgà wà. Yàtọ̀ sí èyí, pọ́n-na inú èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò bá a wọlé.

(b) Òṣùká. Ó ń gba ẹrù dúró kí ó má baà yẹ̀, èyí sì jọ iṣẹ́ igi náà. Àbùkù rẹ̀ ni pé orí ènìyàn ni a ń gbé e lé. A kì í gún un mọ́lẹ̀.

(d) Èèkàn. A ń kàn án mọ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó. Ẹran tí a so ni ó máa ń mú wá sí ọkàn, ṣùgbọ́n ẹ̀yán lè wo àbùkù yìí sàn: èèkàn agbébọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn tí a bá ti dárúkọ rẹ̀ ní kíkún, èèkàn nìkan tó.

(e) Ojú-àkọ́gbá. ‘Ìbẹ̀rẹ̀’ gbòòrò jù fún àyè náà. Eré sísá pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ojú níhìn-ín ni ti ojú ogun. Àkọ́ ni ti àkọ́bí àti àkọ́so. Ìperí yìí tún rántí òfin: àkọ́gbá nìkan ni a lè fi èèkàn ṣe ní ọ̀nà ihò kan. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò níbẹ̀, ibi tí ó bá balẹ̀ sí ni a ó ti gbá a.

4. Ìlò

Ọ̀pá ni ó ń pinnu èèkàn. Òfin kò gbà kí èèkàn gùn ju íǹṣì 4 lọ, èyí tí í ṣe mìlímítà 101.6, kò sì gbà kí a ṣe é ní ọ̀nà tí yóò fi máa tọ́ka ibi tí a ń gbá bọ́ọ̀lù sí. Fún ọ̀pá olórí ńlá tí ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù lọ, ó dára kí nǹkan bí ìdajì bọ́ọ̀lù yọ sókè ju orí ọ̀pá lọ nígbà tí a bá gbé ọ̀pá náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èèkàn íǹṣì 2¾ tàbí 3¼ ni a sábà máa ń lò fún un. Fún ọ̀pá onírin, èèkàn kúkúrú tó, kí bọ́ọ̀lù ṣáà kúrò lára koríko.

Agbára agbágọ́ọ̀fù ni ó ń pinnu ojú-àkọ́gbá. Ọ̀nà ihò kan a máa ní ju ẹyọ kan lọ; àmì aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a fi ń dá wọn mọ̀, jíjìn wọn sí ihò kò sì dọ́gba. Ní 2011, USGA àti PGA ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé kí ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í lọ jìnnà máa gbá láti iwájú, kí eré lè yá kí ó sì dùn. Ẹni tí ojú ń tì láti sún síwájú kò lè fi èèkàn gígùn dí àlàfo náà.

5. Àgbálọgbábọ̀

A ń gbá gọ́ọ̀fù ní Ìkòyí ní Èkó, a sì ń gbá a ní ọgbà IITA ní Ìbàdàn. Nítorí náà, iṣẹ́ wà fún àwọn ìperí yìí lẹ́nu olùkọ́ eré. Pẹ̀lú wọn, ìmọ̀ràn tí a fi bẹ̀rẹ̀ di méjì, kò sì sí ẹni tí yóò ṣi èyíkéyìí gbọ́: wo ọ̀pá kí o tó yan èèkàn, wo agbára rẹ kí o tó yan ojú-àkọ́gbá.